Ife Tí Kì Í Dà àti Tábìlì Ìyá Agbẹ̀bí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ọmọ tó kọ́ ìrìn láàárín èérún pákó,

O kú iṣẹ́ o, o kú làálàá, o sì kú ìfaradà ìlú ńlá níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń sáré tí kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń lé wọn. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òrùlé yàrá rẹ kò jò mọ́, àbí onílé rẹ ṣì ń sọ pé òjò ni kí o lọ bá wí? Ní tiwa, a wà láàyè, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ náà ní kí n kí ọ, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń jí, tí wọ́n jọ ń sùn, tí wọ́n sì jọ ń ṣàròyé mi. Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀, ọ̀nà yóò máa là fún ọ. Ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ ṣe kò ní tú mọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́. Ìṣó tí ayé bá kàn síta kò ní gún ọ lẹ́sẹ̀, àga tí o bá sì jókòó lé kò ní ṣẹ́ mọ́ ọ nídìí. Ṣe àmín kí o tó ka ìsàlẹ̀.

Kí n má gbàgbé, má ṣe jẹ́ kí bí ìwé mi ṣe ń wọ́ lọ bí ejò tó ń wá ihò dẹ́rù bà ọ́. Tábìlì tí mo gbé ìwé lé ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, bí mo bá ti tẹ bírò mọ́ ọn, yóò mì, ọ̀rọ̀ yóò sì fò. Ìyá rẹ ní bí òun bá gbé ìkòkò lé e, kì í mì. Mo ní tábìlì náà mọ ẹni tó lè pariwo mọ́ òun. N ó tún un ṣe lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n o mọ ọ̀rọ̀ ilé káfíńtà, àga ẹlòmíràn là ń kàn, orí àpótí la fi ń jókòó.

Ẹrù tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Ọkùnrin tó gbé e wá lórí alùpùpù ní kí n fi ìka kọ orúkọ mi sí ojú fóònù òun. Mo bi í pé tàdáwà ńkọ́, ó ní kò sí tàdáwà. Mo bi í pé kí ni yóò wá mú kí orúkọ hàn, ó ní ìka náà ni. Mo nu ìka mi mọ́ ṣòkòtò, mo kọ orúkọ, ó sì hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rí bí ẹni pé adìyẹ ló fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. Gíláàsì ń yọ̀, ọmọ mi, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè kọ nǹkan tó gún sórí ohun tó ń yọ̀. Mo mú pépà tí mo fi ń ha pákó, mo ní kí ó jẹ́ kí n bá a ha ojú fóònù náà díẹ̀ kí ó lè máa di ìka mú, ó já fóònù rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó fò sórí alùpùpù bí ẹni tí ajá ń lé. Kò tilẹ̀ mu omi tí a fi lọ̀ ọ́.

Mo yọ ife tí o fi ránṣẹ́ náà nínú páálí, mo yọ ọ́ nínú ọ̀rá, mo tún yọ ọ́ nínú ọ̀rá mìíràn tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ní kórókóró, èyí tí ìyá rẹ gbà, tó jókòó tì, tó ń tẹ̀ ẹ́ fọ́ pọ́, pọ́, pọ́, títí ọbẹ̀ fi jóná. Ife méjì ni mo bá, ọ̀kan wà nínú ọ̀kan bí ọmọ tó wà nínú oyún. Ti ìta dúdú, ó wúwo nídìí, ó sì ní ọwọ́ ìdìmú. Ti inú funfun, ìlà pupa tín-ín-rín kan sì yí inú rẹ̀ ká. Rọ́bà rírọ̀ bo àárín wọn, tí ènìyàn kò fi lè rí bí wọ́n ṣe so mọ́ra. Nígbà tí mo fi ìka ti inú rẹ̀, ó mì bí eyín àgbà. Mo ní háà, ọ̀nà ti jìn, wọ́n ti gbọ̀n ọ́n tú. Mo mú ìṣó kékeré kan, mo ní kí n bá ọ mú un le, ni ìyá rẹ bá figbe bọnu pé bí mo bá kan ìṣó mọ́ iṣẹ́ ọmọ òun, òun náà yóò kan nǹkan mọ́ mi lórí. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ìlà pupa yẹn, omi lé sí mi lójú. Mo ní ọmọ mi gbọ́ mi. Ṣé o rántí pé mo sọ fún ọ lórí fóònù pé ife mi ti fọ́, ife tí mo fi ń wọn tábìlì? Jẹ́ kí n tún iṣẹ́ náà là sílẹ̀ fún ọ, nítorí o ti pẹ́ nílùú, ó lè ti sá kúrò lórí rẹ. Ọjọ́ tí ọ̀gá mi yọ̀ǹda mi, ife gíláàsì kan ni ó fi lé mi lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ gún régé. Ó ní ojú ènìyàn lè purọ́, ojú pákó náà lè purọ́, ṣùgbọ́n omi kò mọ ẹni tó ń san owó. Bí mo bá kan tábìlì tán, mo máa ń bu omi sínú ife yẹn, n ó gbé e sí àárín tábìlì, n ó sì kúnlẹ̀ títí ojú mi yóò fi bá omi dọ́gba. N ó wo bí omi ṣe jìnnà sí ẹnu ife ní ọ̀tún, n ó wò ó ní òsì. Ibi tí omi bá ti súnmọ́ ẹnu ife jù, ibẹ̀ ni tábìlì tẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ tó wà ní òdìkejì ló ga jù nìyẹn, òun ni n ó fá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fá irun ọmọ tuntun. Lẹ́yìn èyí ni n ó wá bu omi kún ife náà dé ẹnu pátápátá, bí ó bá sì da ẹ̀kán kan sílẹ̀, tábìlì kò jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ife yẹn ni mo fi kọ́ ilé yìí, òun ni mo fi rán ọ níléèwé. Ó wá já bọ́. Kì í ṣe pé ọwọ́ mi dẹ̀ o. Ife náà ti dàgbà ni, ayé sì ti sú u. Ní ọjọ́ tí mo ròyìn rẹ̀ fún ọ, ìyá rẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, n kò bèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ife dé, mo rí i pé ọ̀rọ̀ tèmi ni o fi sọ́kàn. Ọmọ tó ń ya àwòrán ife fún gbogbo ayé ní iléeṣẹ́ ńlá, tó wá jókòó fa ìlà yí inú ife ká kí bàbá rẹ̀ lè mọ ibi tí omi yẹ kó dé ní ọ̀tún àti ní òsì, ọmọ káfíńtà tòótọ́ nìyẹn. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí náà. N kò rí i kà, nítorí èdè àlejò ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ yé mi. Wọ́n ya ọwọ́ kan, wọ́n sì fa ìlà kékèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì láti fi hàn pé ọwọ́ náà ń mì. Mo mọ̀ pé ó ń júwọ́ sí wa ni. Èmi àti ìyá rẹ náà júwọ́ padà.

Ohun kan ṣoṣo tó dùn mí ni obìnrin tí iléeṣẹ́ yín ní kí ó máa pe ènìyàn. Ó pè mí lọ́sàn-án, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó kí mi, mo dá a lóhùn, mo bèèrè ọkọ rẹ̀, mo bèèrè àwọn ọmọ, kò dáhùn, ó kàn ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ó ní bí ife náà bá tẹ́ mi lọ́rùn kí n tẹ oókan, bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn kí n tẹ eéjì. Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn, ayé yóò tẹ́ ìwọ náà lọ́rùn, mo dúró kí ó ṣe àmín, ó tún ní kí n tẹ oókan. Mo wá tẹ̀ ẹ́. Àwọn nọ́ńbà orí fóònù yìí súnmọ́ ara wọn jù, bí ìka bá ti fẹ́ kan ọ̀kan, ó ti kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀. Ó ní ohun tí mo tẹ̀ kò sí. Mo tún un tẹ̀, ó ní kò sí. Inú bí mi, mo ní ìwọ gan-an ni kò sí, ni ó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ọ̀rọ̀ mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Bá mi fi tó ọ̀gá rẹ létí. Ọmọ yẹn ní ohùn, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Wàyí o, gbọ́ iṣẹ́ tí ife rẹ ṣe. Kí ó tó dé, n kò ní purọ́ fún ọ, tábìlì ti ń dà mí láàmú. N ó kàn án, yóò tẹ̀ sí ọ̀tún, n ó fá a, yóò tẹ̀ sí òsì, n ó tún fá a, títí tábìlì ìjẹun yóò fi di àpótí ìtìsẹ̀. Mo ní pákó ayé ìsinsìnyí ni kò gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń fi ife rẹ wọ̀n ọ́n, kò sí tábìlì kan tó yẹ̀. Omi yóò jókòó sórí ìlà pupa yí ká, kò ní gòkè níbì kan, kò ní sọ̀ níbì kan. Kódà tábìlì ìdáná tí mo ti pa tì fún àwọn adìyẹ, ó yege. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọwọ́ mi ti padà dé. Ó wò mí títí, ó ní ṣé mo ti fi ife náà mu omi. Mo ní ta ló ń fi irinṣẹ́ mu omi, ṣé òun máa ń fi ayùn jẹun ni. Ó mí kanlẹ̀, ó wọlé. O mọ̀ pé n kì í mu omi lójú iṣẹ́ mọ́, nítorí omi àti pákó kò rẹ́. Bí ẹ̀wù mi bá sì ń tutù láyà lẹ́yìn tí mo bá mu tíì láàárọ̀, òógùn ni. Bí ìyá rẹ bá sọ ohun mìíràn fún ọ, má gbà á gbọ́.

Tábìlì tí mo fẹ́ gbé jáde báyìí ni ti Ìyá Agbẹ̀bí, àwọn náà ló gba ẹ̀bí rẹ. Orí rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tuntun lé. Wọ́n ní bí tábìlì náà bá dára, èmi ni n ó kan gbogbo bẹ́ẹ̀dì yàrá tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí ilé ìgbẹ̀bí, bí kò bá dára, wọn yóò gbé e fún Alárìwo. O mọ Alárìwo, ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tó lọ la ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì ọ̀nà, tó ra ayùn oníná tí a kò fi gbọ́ ohùn ara wa ládùúgbò mọ́. Ó ní ọ̀pá kan tó lójú gíláàsì, omi díẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bíńtín wà nínú rẹ̀, òun ló fi ń wọn tábìlì. Mo ti sọ fún un pé omi tí kò tó eèrà wẹ̀, kí ni yóò mọ̀. Wọ́n ní ó ń sọ fáwọn ènìyàn pé kí Bàbá lọ sinmi. Ìwọ àti ìyá rẹ náà ń sọ bẹ́ẹ̀, pé kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, kí n wá jókòó sí yàrá tó ń jò, kí n máa ka ẹ̀kán omi. Ó dára. Ife rẹ ti fún gbogbo yín lésì. Ọ̀la ni tábìlì ń lọ. Bí o bá gbọ́ pé mo di ọ̀gá káfíńtà ilé ìgbẹ̀bí, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu.

Mo dá ìwé dúró níbí ná, awakọ̀ tó máa bá wa gbé e wá ní ọkọ̀ òun dákú.

Ọmọ mi, èmi náà tún nìyí. Awakọ̀ ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí bí ìwé yìí bá ti lọ, irọ́ ni ìbá gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Tábìlì lọ, tábìlì sì padà. Mo wà ní ìdí iṣẹ́ nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí wọlé, tábìlì náà ń bọ̀ lẹ́yìn wọn lórí ọmọlanke, ojú wọn le koko. Wọ́n ní Bàbá Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ yín? Wọ́n ní òṣùwọ̀n àwọn kò dúró lórí tábìlì mi, pé ó ń yọ̀ lọ sí igun kan bí ẹni tó fẹ́ sá lọ láìdágbére, ọwọ́ rẹ̀ kò sì sọ òtítọ́ mọ́. Wọ́n ní ọmọ kan tó sanra bí ìrọ̀rí wọ̀n fúyẹ́, ìyá bàbá rẹ̀ sì ti ń bi ìyàwó léèrè pé ta ló ń bá ọmọ náà mu wàrà. Ọmọ mìíràn tó rí tínrín wọ̀n wúwo, bàbá rẹ̀ ti ń jó káàkiri, ó ní ẹni tó máa gba òun lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá òun ti dé.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ lọ tún òṣùwọ̀n yín ṣe, tábìlì tèmi kò lábùkù. Wọ́n ní ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ kì í gbà láéláé. Ohùn wa ròkè, ẹni tó ń kọjá dúró, ẹni tó dúró jókòó, Alárìwo pàápàá pa ayùn rẹ̀, ó sì sọdá wá. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sórí tábìlì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sáré lọ sí orí kan, ó sì dúró síbẹ̀. Mo ní ó dára, mo gbé ife rẹ jáde bí ẹni tó ń gbé adé, mo bu omi sí i, mo gbé e sí àárín tábìlì, mo ní kí gbogbo ayé wá wò ó. Omi wà lórí ìlà pupa yí ká. Àwọn kan ní ọ̀pá ló ń purọ́, àwọn kan ní ife ni, obìnrin aránṣọ tó wà nítòsí wa ní àwọn méjèèjì ni, kí wọ́n pe ẹlòmíràn.

Alárìwo kò bínú. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi ife yín ní ìbéèrè kan. Ó mú pákó gígùn kan, ó fi í ti ògiri gẹ̀rẹ́ bí òrùlé, ó gbé ife náà lé e, ó sì dì í mú kí ó má baà yọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo wò. Omi wà lórí ìlà pupa yí ká. Pákó tí ewúrẹ́ kò lè gùn, ife rẹ ní ó tẹ́jú. Mo wo omi, omi wò mí.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìta ń tẹ̀, inú kò bá a tẹ̀. Ó dà bí àtùpà tí a so kọ́ òrùlé, bí ilé tilẹ̀ wọ́, àtùpà kò ní bá a wọ́. Ife tó mì bí eyín àgbà yẹn, ìyẹn gan-an ni ọgbọ́n tí o fi sí i, èmi sì fẹ́ kan ìṣó mọ́ ọn! Gbé e sórí òkè, gbé e sórí ewúrẹ́, gbé e sórí irọ́, yóò sọ fún ọ pé gbogbo nǹkan dára. Mo rántí bí mo ṣe sọ fún ìyá rẹ pé ọwọ́ mi ti padà dé, mo rántí tábìlì àwọn adìyẹ. Mo ti ń rí i lójú ara mi, ṣọ́ọ̀bù tì, Alárìwo ń kan bẹ́ẹ̀dì, èmi sì jókòó sí yàrá rẹ, mò ń ka ẹ̀kán omi.

Ìyá rẹ ló jáde wá pẹ̀lú orúnkún rẹ̀. Ó ní ṣé ẹ ti dá ẹjọ́ ife tán. Ó ní ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ gbé e sórí pákó, ó kù kí ẹ gbé e sórí igi, kò sì sí ọ̀kan nínú yín tó gbé ife sẹ́nu. Ó da omi inú rẹ̀ nù, ó bu omi tútù láti inú àmù, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Ó ní baálé mi, ẹ mu ún.

N kò fẹ́ gbà á. Òun nìkan ló máa ń wà níbẹ̀ bí mo bá ń mu nǹkan, òun ló sì máa ń sá ẹ̀wù náà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n o mọ bí ìyá rẹ ṣe ń wo ènìyàn nígbà tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà á. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ ìwà rẹ̀. Ọwọ́ ìdìmú ń gbọ̀n, ife ìta ń gbọ̀n, rọ́bà àárín ń jó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo inú, omi jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó wà nínú ilé tí òjò ń rọ̀ níta. Mo gbé e dé ẹnu, ètè mi tẹ etí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, omi sì wá bá mi. Mo mu ún. Mo mu ún tán. Mo wo àyà ẹ̀wù mi, ó gbẹ.

Mo wá rántí àwòrán ọwọ́ inú páálí yẹn. Kì í ṣe pé ó ń júwọ́ sí wa.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé Alárìwo ni yóò bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bojú wolẹ̀, ó lọ sí ìdí tábìlì, ó dojú tábìlì náà délẹ̀, ó mú irin tí mo fi ń fá pákó, ó ní Bàbá, ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ kí n fá. Mo ní kí ó kọ́kọ́ gbé ọ̀pá rẹ̀ jìnnà sí mi. Ó ní kò burú. A dá tábìlì dúró padà, mo ní kí ìyá rẹ gbé àwo funfun kan wá, àwo lásán tí kò gbọ́n, mo bu omi sí i, mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ́yìn, ó fá a. Mo ní ó tó, ó ní ó kù díẹ̀. Mo ní ta ni ọ̀gá, ó ní ẹ̀yin ni. Mo tún un wò, ó kù díẹ̀ lóòótọ́. Mo ní kí ó fá a sí i, mo sì ṣe bí ẹni pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí i.

Nígbà tí a ṣe tán, mo bu omi kún àwo dé ẹnu, kò da ẹ̀kán kan. Ọ̀pá Alárìwo náà gbà. Ìyá Agbẹ̀bí wò wá, wọ́n ní ta wá ni àwọn yóò gbé bẹ́ẹ̀dì fún báyìí. Ìyá rẹ ní kí wọ́n gbé e fún ojú àti ọwọ́, kí àwọn méjèèjì máa jà lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí, a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a sì ti ń jà. Wọ́n ti tún ọmọ tó sanra gbé sórí òṣùwọ̀n, ó sanra. Ìyá bàbá rẹ̀ ti bẹ ìyàwó. Bàbá ọmọ kejì ti dín ijó rẹ̀ kù.

Wàyí o, iṣẹ́ ni iṣẹ́, bí o tilẹ̀ jẹ́ ọmọ mi, n ó sọ ohun tí mo rí lára ife yìí. Ọwọ́ ìdìmú kan kò tó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọwọ́ méjèèjì ni yóò fi mú un, nítorí náà fi òmíràn sí òdìkejì bí etí ìkòkò. Má sì jẹ́ kí ó dán tó bẹ́ẹ̀, fi ìlà-ìlà sí i bí ìdìmú ayùn, kí ìka lè rí ibi dì mú. Rọ́bà yẹn máa ń ké fíntínfíntín bí mo bá ń mu omi lọ́wọ́, ìyá rẹ ní ó dà bí eku tó ń gbàdúrà. Àwa, bí dúrọ́ọ̀ tábìlì bá ń ké, àbẹ́là la fi ń ra á lára, wo ohun tí o lè fi ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ohun tí ènìyàn lè gbé mì. Ní ti ìwé inú páálí, sọ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè wa, kí wọ́n sì ya ojú àti ẹnu mọ́ ọwọ́ yẹn, kí a lè mọ̀ pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Kí wọ́n wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, gàdàgbà, pé káfíńtà kò gbọdọ̀ fi í wọn tábìlì. Ìyá Agbẹ̀bí ní kí n bi ọ́ bóyá ẹ lè ṣe èyí tó tóbi, tí àwọn lè tẹ́ ọmọ sí, kí igbe rẹ̀ má máa dà síta lóru. Mo ní n ó bi ọ́.

N kò ní wá jókòó sí ìlú, ẹ má bínú, ìwọ àti ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n èmi àti Alárìwo yóò wá wo òrùlé rẹ tí bẹ́ẹ̀dì bá parí. Òun yóò gun òkè, èmi yóò dúró nísàlẹ̀ máa bá a wí. Bí o bá rí nǹkan kékeré fi ránṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà, a ó gbà á tayọ̀tayọ̀: owó ìpara orúnkún ìyá rẹ, owó fóònù kí n lè tún bá obìnrin yẹn sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí, àti ife gíláàsì lásán kan tí ẹnu rẹ̀ gún régé. Má ṣe ra èyí tó gbọ́n. Èyí tó ń dà dáadáa ni mo fẹ́. Èyí tí kì í dà yìí ti di ti ẹnu mi, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi mọ́, mo sì ń fi í mu tíì níta gbangba tí àwọn tó ń kọjá fi ń kí mi kú ìgbádùn.

Bí ayé bá ń mì ọ́ níta, inú rẹ kò ní dà. Bí wọ́n bá gbé ọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwọ yóò dúró déédéé. Ọwọ́ tí o fi ṣe èyí fún mi, àwọn ọmọ rẹ náà yóò fi irú rẹ̀ ṣe é fún ọ, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ gan-an kí o tó nílò rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.

Mo fẹ́ pa ìwé yìí dé ni mo rántí ohun tí mo kọ sí ọ ní ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹsẹ̀ tábìlì mi kan kúrú. Mo gbé àwo funfun náà sórí tábìlì tí mo fi ń kọ̀wé, mo bu omi kún un, mo kúnlẹ̀, mo wò ó ní ọ̀tún, mo wò ó ní òsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrú. Kò sí ohun tó ṣe tábìlì.